Nígbà tí ikú bá dé sáàárín eré kẹ̀kẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, àwa tí à ń wo Giro d'Italia, ìdíje kẹ̀kẹ́ ológeere tó tóbi jù ní Ítálì, rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó na gbalaja sórí títì, tí àwọn dókítà kúnlẹ̀ tì í. Wouter Weylandt ni, ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, ẹni ọdún 26. Kò dìde mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gun kẹ̀kẹ́ wọn, inú sì bí ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ eré yìí. Lójú tiwọn, owó ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe owó. Gbogbo ìgbà tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ ìbéèrè kan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí kí n lè dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú: ìdíje ńlá bíi Giro tàbí Tour de France máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo pè ní ìpele.

Ṣé wọ́n máa ń dá eré dúró lójú ẹsẹ̀ tí ẹnì kan bá kú?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Eré kẹ̀kẹ́ kò dà bíi bọ́ọ̀lù tí gbogbo èèyàn wà lójú kan. Ó lè lé ní 150 èèyàn tó ń díje, tí wọ́n fọ́n ká láti orí òkè dé àfonífojì. Àwọn tó wà níwájú lè ti lọ jìnnà kí ẹni tó wà lẹ́yìn tó ṣubú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Passo del Bocco ni Weylandt ti ṣubú, ó sì ku nǹkan bíi kìlómítà 25 kí wọ́n dé Rapallo tí ìpele ọjọ́ náà yóò parí sí. Àwọn dókítà gbìyànjú lórí rẹ̀ fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà níwájú ń du bí wọn yóò ṣe borí.

Ìdí kejì ni pé a kì í túfọ̀ ní gbangba kí ará ilé tó gbọ́. Bí olùdarí eré bá dá gbogbo èèyàn dúró lójú títì, tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn káàkiri ayé, ó ti túfọ̀ nìyẹn, bóyá ìyá ọmọ náà sì wà nínú àwọn tó ń wò ó. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń dákẹ́ títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀ràn ti yàtọ̀ ni inú gbọ̀ngàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, Isaac Gálvez, ọmọ Spéìn, ṣubú nínú eré ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí wọ́n máa ń ṣe ní ìlú Ghent, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ó sì kú. Abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn wà. Wọ́n fòpin sí eré náà.

Kí ni òfin sọ nípa rẹ̀?

UCI ni àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé. Òfin wọn sọ pé tí ìjàǹbá kan bá ṣẹlẹ̀ tó lè da eré rú, tí olùdarí eré àti àwọn adájọ́ bá sì ti fẹnu kò, ó lè yí ọ̀nà padà, ó lè dá ìdíje dúró fún ìgbà díẹ̀, ó lè wọ́gi lé ìpele náà tàbí èsì rẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Agbára ni òfin yẹn fún un. Kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀. Àṣà ló ń ṣe ìyẹn, àwọn agunkẹ̀kẹ́ fúnra wọn ni wọ́n sì dá àṣà náà sílẹ̀.

Ta ló wá ń pinnu?

Lọ́dún 2011, Angelo Zomegnan tó ń darí Giro nígbà náà kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ àti fún Leopard Trek, ikọ̀ tí Weylandt wà. Láàárín alẹ́ ọjọ́ kan, ní hòtẹ́ẹ̀lì tí olúkúlùkù wà, wọ́n sọ ọ́ síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi fohùn ṣọ̀kan.

Ní ti èmi, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹbí ni ọlọ́fọ̀ àkọ́kọ́. Ikọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń bá a sùn nínú yàrá kan náà tó sì ń bá a jẹun, ló tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn agunkẹ̀kẹ́ yòókù. Olùṣètò eré ló yẹ kó gbẹ̀yìn, torí òun kọ́ ló ni òkú náà.

Báwo gan-an ni ọjọ́ kejì ikú Weylandt ṣe rí?

Ìpele kẹrin ni, láti Quarto dei Mille ní Genoa dé Livorno, kìlómítà 216. Wọ́n kọ́kọ́ dúró, wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà wọ́n gbéra, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sáré. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ síwájú, ó ń ṣáájú ọ̀wọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá, ó sì ń fà sẹ́yìn kí òmíràn lè bọ́ sí i. Àwọn èèyàn tó dúró lẹ́bàá títì ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú àtẹ́wọ́ tí wọ́n máa ń pa fún ẹni tó fẹ́ borí.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Livorno, gbogbo ọ̀wọ́ fà sẹ́yìn, ó ku àwọn ọmọ Leopard Trek níwájú. Wọ́n wá pe ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ikọ̀ wọn mọ́ra. Tyler Farrar ni, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún Garmin-Cervélo. Ìlú Ghent ni òun àti Weylandt ti jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Wọ́n gbé apá lé èjìká ara wọn, wọ́n fẹ̀ sórí títì, wọ́n sì jọ kọjá ìlà òpin. Farrar ń sunkún. Wọn kò ka àkókò kankan, wọn kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ pé òun ló borí.

Ẹni tó wọ aṣọ píǹkì, ìyẹn aṣọ ẹni tó ṣáájú nínú Giro, ní ọjọ́ náà ni David Millar, ọmọ ikọ̀ kan náà pẹ̀lú Farrar. Ọjọ́ tí Weylandt kú gan-an ló gba aṣọ náà. Aṣọ tí agunkẹ̀kẹ́ lè fi gbogbo ayé rẹ̀ wá láìrí i ló wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀fọ̀ ni ó sì fi ṣe.

Leopard Trek kúrò nínú ìdíje lẹ́yìn Livorno, Farrar náà sì lọ sílé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún kan náà, Farrar borí ìpele kẹta Tour de France ní Redon. Bó ṣe kọjá ìlà, ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe lẹ́tà W. Ẹ rántí pé ìpele kẹta ni Weylandt náà borí nínú Giro ọdún 2010, ní Middelburg, nílẹ̀ Netherlands. Ìpele kẹta náà ló sì kú sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹni tó bá ti lọ bá ọlọ́fọ̀ jókòó rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìjókòó náà ni. A máa lọ, a máa jókòó, a máa dákẹ́ pa pọ̀, ilẹ̀ yóò sì ṣú bá wa níbẹ̀. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ kò ní ilé tí wọ́n lè kóra jọ sí lẹ́nu ìdíje. Hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, èdè wọn kò sì dọ́gba. Ojú títì nìkan ni gbogbo wọn ti jọ ń pàdé. Kìlómítà 216 láìsáré jẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí tí èèyàn fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ohun kan náà ń dùn. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún á sun ún, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á yí sí ẹnì kejì rẹ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ sì ni gbogbo òkú tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn níbí. Ẹni ọdún 26, 24, 23, 18. Kò sí ìnáwó kankan tí a ń ṣe fún irú òkú bẹ́ẹ̀ nílé wa, ó yẹ kó yé wa ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ borí lọ́jọ́ náà.

Níbo ni àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá?

Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe rí lónìí ló ṣe rí látilẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1967, Tom Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1965, kú lórí òkè Mont Ventoux nínú Tour de France. Oòrùn ọjọ́ náà mú gan-an, wọ́n sì bá oògùn amphetamine àti ọtí nínú ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀wọ́ náà gbà pé kí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan borí fún un. Barry Hoban ló jáde síwájú, òun nìkan ló sì kọ́kọ́ dé Sète. Ṣùgbọ́n Vin Denson, tí òun náà jẹ́ ọmọ ikọ̀ Simpson, sọ nígbà tó yá pé òun gan-an ni wọ́n ti fẹnu kò sí. Aáwọ̀ nìyẹn lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀yẹ. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì ní láti borí, ẹ̀yẹ náà kì í mọ́.

Ọdún 1995 ni ó wá di bí a ṣe mọ̀ ọ́n yìí. Fabio Casartelli, ọmọ Ítálì, ẹni ọdún 24, tó gba góòlù nínú Òlíḿpíìkì Barcelona ní 1992, ṣubú ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Col de Portet d'Aspet, ní àwọn òkè Pyrénées. Kò dé akoto. Ní ọjọ́ kejì, láti Tarbes dé Pau, gbogbo ọ̀wọ́ rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ni wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ikọ̀ Motorola tí Casartelli wà bọ́ síwájú, kí wọ́n dá kọjá ìlà. Táyà Andrea Peron, ọmọ Ítálì bíi tirẹ̀, ló kọ́kọ́ kàn án. Owó ẹ̀bùn ọjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹbí Casartelli. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Lance Armstrong borí ní Limoges, ó na ìka sókè ọ̀run. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí a wá mọ̀ nípa Armstrong lẹ́yìn náà ba ìka yẹn jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń nà á sí.

Ṣé wọ́n ṣì máa ń gbé ẹni tó borí sórí pèpéle lọ́jọ́ ikú náà?

Wọ́n ṣe é ní 1995. Richard Virenque gun pèpéle ní Cauterets, wọ́n fún un ní òdòdó, ó ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni Casartelli ti lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbàgbé àwòrán yẹn, inú sì bí wọn. Ní 2011, wọ́n fagi lé gbogbo ayẹyẹ orí pèpéle ní Rapallo. Wọ́n ti kọ́gbọ́n.

Eré ọlọ́jọ́ kan ńkọ́, tí kò ní ọjọ́ kejì?

Èyí ló burú jù, torí kò sí ọ̀la tí wọn yóò fi ṣọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ọkàn Michael Goolaerts, ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, ẹni ọdún 23, dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà olókùúta Paris–Roubaix. Wọ́n gbé e lọ sí Lille, ó sì kú lálẹ́. Peter Sagan ti borí, ó ti gbé òkúta tí wọ́n fi ń dá ẹni tó borí lọ́lá sókè. A ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn eré tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti dákẹ́ fún un.

Ṣé dandan ni kí ikọ̀ olóògbé fi ìdíje sílẹ̀?

Kì í ṣe dandan. Motorola dúró títí dé Paris ní 1995, Leopard Trek lọ sílé ní 2011. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú wọn.

Ẹ wo ti Gino Mäder. Ọmọ Swítsàlandì ni, ẹni ọdún 26, ó sì jábọ́ sí kòtò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Albula ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2023, nínú Tour de Suisse, ìdíje ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kejì ní ìlú Chur. Wọ́n fagi lé ìpele ọjọ́ náà, wọ́n sì jọ gun ìwọ̀nba kìlómítà tó kẹ́yìn rẹ̀ láìdíje. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà pínyà. Ẹbí gbà kí ìdíje máa lọ. Bahrain Victorious tó jẹ́ ikọ̀ rẹ̀ fi ìdíje náà sílẹ̀, ikọ̀ Tudor àti Intermarché náà lọ. Àwọn tó kù díje ọjọ́ méjì tó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ibi tó ku kìlómítà 25 ni wọ́n ti ka àkókò ní ìpele tó tẹ̀ lé e, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìdíje má baà fẹ̀mí wewu nítorí ìṣẹ́jú àáyá. Remco Evenepoel borí ìpele náà, ó sì fi í fún Mäder.

Mo fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ gan-an. Wọn kò fi dandan mú ẹni tó fẹ́ lọ, wọn kò sì bu ẹni tó dúró. Mäder fúnra rẹ̀ ti ṣèlérí ní Vuelta, ìdíje ńlá ilẹ̀ Spéìn, ọdún 2021 pé òun máa fi owó Yúrò kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ àyíká lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó bá dé lẹ́yìn òun. Nínú Tour de France ọdún 2023, Pello Bilbao tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ mú ẹ̀jẹ́ náà ṣe tirẹ̀. Ó borí ìpele kẹwàá ní Issoire, ó sì ké lórí ìlà òpin.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọn ò fagi lé eré kankan?

Bẹ́ẹ̀ ni. Muriel Furrer, ọmọ Swítsàlandì, ẹni ọdún 18, ṣubú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 nínú ìdíje àgbáyé ní Zurich, níbi eré àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 19. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Ẹbí rẹ̀ fẹ́ kí ìdíje yòókù máa lọ, ó sì lọ, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́. Ó ṣòro fún mi láti wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òbí bá ti sọ̀rọ̀, ta ni èmi? Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹni tó sin ọmọ tirẹ̀, ohun tó bá fẹ́ ni kí wọ́n ṣe fún un.

Nínú Tour of Austria ọdún 2024 bákan náà, André Drege, ọmọ Nọ́wè, ẹni ọdún 25, kú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Grossglockner. Níbẹ̀, wọ́n fagi lé ìpele tó kẹ́yìn pátápátá, wọ́n sì fi ìrìn ìrántí rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹkún, ṣé nǹkan kan máa ń yí padà?

Ìgbà mìíràn. Àpẹẹrẹ tó lágbára jù ni ti akoto. Ní 1991, UCI gbìyànjú láti sọ akoto di dandan, àwọn agunkẹ̀kẹ́ sì fárí gá: ooru, ìwúwo, òmìnira tiwọn. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí òfin fi rọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni Casartelli kú, síbẹ̀ òfin kò yí. Ó di ọdún 2003, nínú Paris–Nice, kí Andrei Kivilev, ọmọ Kàsàkísítánì, ẹni ọdún 29, tó ṣubú nítòsí Saint-Étienne láìdé akoto. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta. Àwọn ọmọ Cofidis tó jẹ́ ikọ̀ rẹ̀ jọ kọjá ìlà lọ́jọ́ náà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alexander Vinokourov ló gba Paris–Nice náà, ó gbé àwòrán Kivilev dání. Kí oṣù méjì tó pé, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, akoto di dandan.

Ẹ wo ọdún méjìlá tó wà láàárín 1991 àti 2003. Ó ń dùn mí nígbà gbogbo tí mo bá rò ó. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí mo ń yìn fún bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n kọ ohun tó lè dín ọ̀fọ̀ kù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́ pẹ̀lú ìyìn náà.

Lẹ́yìn Furrer, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí agunkẹ̀kẹ́ wà hàn. Inú igbó ló ṣubú sí, nínú òjò, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Nínú ìdíje àgbáyé àwọn agunkẹ̀kẹ́ kì í lo rédíò, nítorí náà kò sí ohùn kankan tó lè béèrè pé, "Níbo lo wà?" Nígbà tí ìdíje àgbáyé dé Kigali, nílẹ̀ Rwanda, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, èyí tó kọ́kọ́ wáyé ní Áfíríkà, gbogbo agunkẹ̀kẹ́ ló ní ẹ̀rọ náà lára kẹ̀kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò rọrùn kó tó débẹ̀: oṣù kan ṣáájú, nínú Tour de Romandie àwọn obìnrin, wọ́n yọ ikọ̀ márùn-ún kúrò torí pé wọn kò yan ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ náà. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ẹ̀rọ àti ìsọfúnni inú rẹ̀ ni. Ọdún kan kò tíì pé tí wọ́n sin ọmọ náà.

Ṣé ó burú tí mo bá fi fídíò ìṣubú náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn?

Ó burú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ fi ti Livorno ránṣẹ́.

Kí ló kù lẹ́yìn wọn?

Òkúta ìrántí Simpson wà lórí Ventoux, àwọn tó ń gun òkè náà máa ń fi fìlà àti ìgò omi sílẹ̀ níbẹ̀. Ti Casartelli wà ní Portet d'Aspet, bí Tour bá sì gba ibẹ̀ kọjá, àwọn èèyàn máa ń dúró tì í. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nínú ilé ìjọsìn kékeré Madonna del Ghisallo, nítòsí Como níbi tí wọ́n ti bí i.

Nọ́ḿbà 108 ló wà lẹ́yìn Weylandt lọ́jọ́ náà. Giro kò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún, tí wọ́n bá ń pín nọ́ḿbà, wọ́n á ka 107, wọ́n á sì bọ́ sí 109.